Ìdajì Omi, Ìdajì Ẹrẹ̀

Àkèré ń dún létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ lálẹ́ àná.
Mò ń wá ẹsẹ kejìlá kiri inú orí mi,
ó yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀,
ọ̀rọ̀ Musailimọ ló gòkè wá dípò rẹ̀,
èyí tó sọ nípa àkèré,
pé omi ló ni ìdajì rẹ̀, ẹrẹ̀ ló ni ìdajì.
Àsítáfírúlà.
Ó di ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti ń kéwú,
irọ́ ló wá há sí mi lórí jù.

Àfáà Jìnádù ló sọ ọ́ fún wa.
Abẹ́ igi ìyeyè ni, wàláà lórí itan,
tàdáwà ń gbẹ mọ́ wa léèkánná.
Ó ní ọkùnrin kan wà ní Yamama
tó kọ lẹ́tà sí Òjíṣẹ́ ní Mọdínà:
ká pín ayé sí méjì, èmi apá kan, ìwọ apá kan.
Bí ẹni ń pín ẹran iléyá.
Èsì tó gbà kò gùn: Ọlọ́run ló ni ilẹ̀,
ẹni tó bá wù ú ló ń fún.

Ṣèkóní dìde, ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ẹnu bí abẹ:
"Àfáà, apá tirẹ̀ á jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nìyẹn!"
Wàláà fò. Wàsíù fẹ́ẹ́ ya á létí.
Àfáà ò na ẹnì kankan.
Ó kó wa sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi,
ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ apẹja kan, ó nà án sí Ṣèkóní:
"Fa ààlà sí i fún mi.
Tìẹ lápá ọ̀tún, ti Wàsíù lápá òsì."
Ṣèkóní fà á, fà á, aṣọ rẹ̀ rin gbindingbindin.
Ọ̀sà ń pa ìlà rẹ́ kó tó fà á tán.
Apẹja ní ká dá àjẹ̀ òun padà, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ó sọ ti kànga tí òpùrọ́ tutọ́ sí kó lè kún,
tó gbẹ furufuru. A rẹ́rìn-ín.
Ó sọ ti Sájáà, obìnrin tó lóun náà gba ìmísí,
tó kógun wá bá a, tó wá di ìyàwó rẹ̀.
Sìkírá bèèrè pé kí ló fi ṣe sàdáàkì.
Àfáà wúkọ́, ó ní ká máa bá ẹ̀kọ́ lọ.
Ó sọ ti Túláéhà, tó sọ pé wòlíì lòun,
tó sá nígbà tí ogun le, tó ronú pìwàdà,
tó sì wá kú lójú ogun ẹ̀sìn.
Èyí ló pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù.
"Ilẹ̀kùn ò tì," ló wí.

Ìgbà tó kan ogun Yamama, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.
Àwọn tó há a sórí ṣubú lọ́pọ̀ lọ́jọ́ náà,
orí ni wàláà wọn.
Ìyẹn ló mú kí àwọn tó kù sáré ṣa á jọ,
lára imọ̀ ọ̀pẹ, lára egungun èjìká ẹran,
láyà ẹni tó ṣì ń mí.
Mo rò ó nígbà náà pé
ṣé òpùrọ́ ló wá jẹ́ kí òótọ́ wọ inú ìwé?
N kò bèèrè. Pàṣán wà nítòsí.

Ṣèkóní ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wa.
Ọkọ̀ dojú dé lọ́nà Èjìnrìn, ọdún tí a ṣe wolimọ.
Gbogbo ohun tó há sórí bá a lọ sísàlẹ̀,
ọ̀sà kan náà tí kò gba ààlà.

Lọ́dún tó kọjá mo jẹ́wọ́ fún Àfáà, ojú rẹ̀ ti fọ́,
pé ti àkèré ni kì í kúrò lórí mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́ta tó kù fi hàn.
"Ọlọ́run ló ni àkèré, Ṣìfáwù.
Ọkùnrin yẹn kàn yá a lò ni, kò dá a padà."

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún báyìí,
nínú omi, nínú ẹrẹ̀.
Mo ka ẹsẹ kọkànlá tán.
Mò ń dúró.